Àrùn Ìgbàgbé Alzheimer: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Tó Ń Tọ́jú Àgbà ní Ìlọrin àti Gúúsù Kwara

Nọ́ọ̀sì ni mí, Ìlọrin sì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìbéèrè táwọn ọmọ, ìyàwó ilé àti ọmọ-ọmọ máa ń bi mí jù ni mo kó jọ síbí. Àwọn kan bi mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àwọn kan pè mí lórí fóònù lóru nígbà tí Ìyá kò sùn, tó ń ti ilẹ̀kùn. Kí ẹ tó ka ìyókù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọ̀rọ̀ kan yìí dání: àìsàn inú ọpọlọ ni. Kì í ṣe àfojúdi, kì í ṣe ìwà burúkú, kì í sì í ṣe ẹ̀san. Ẹni tó ń ṣe kò lè yí padà kó lè bá yín mu mọ́. Ẹ̀yin tí ara yín dá lẹ máa yí padà láti bá a mu.

Bàbá wa ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ṣebí àgbà ló ń ṣe wọ́n?

Ó lè jẹ́ àgbà lóòótọ́. Tí Bàbá bá gbàgbé ibi tí wọ́n gbé gíláàsì ojú wọn sí, tí wọ́n pe orúkọ Sáídì mọ́ Sùlé, tí wọ́n sì rántí nígbà tó yá, ìyẹn kò yẹ kó dẹ́rù bà yín. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fura sí ni ohun tí wọ́n ti ń ṣe láìronú tẹ́lẹ̀, tí kò wá ṣeé ṣe mọ́. Ìyá tó ti ta ìrẹsì ní ọjà Ìpàta láti ìgbà ọ̀dọ́, tí kò mọ ṣéńjì ṣírò mọ́. Bàbá tó jáde ní mọ́ṣáláṣí tí kò ju ilé mẹ́ta sílé, tó dúró láàárín ọ̀nà tí kò mọ ibi tó máa yà sí. Ẹni tó béèrè pé “Ìgbà wo ni Àlàbá ń bọ̀?”, tẹ́ ẹ dá a lóhùn, tó tún béèrè kí ẹ tó jókòó. Ẹni tó bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ má fi wọ́n wé àgbà mìíràn ládùúgbò, ẹ fi wọ́n wé ara wọn bí wọ́n ṣe rí ní ọdún méjì sẹ́yìn.

A máa ń sọ pé àgbàlagbà ń ṣarán, a ó sì fi í síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló tibẹ̀ pàdánù ọdún tí ìtọ́jú ì bá fi ràn wọ́n lọ́wọ́.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ gan-an?

Oríṣi èròjà purotéènì méjì ló ń kó jọ níbi tí kò yẹ. Ọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní amyloid, ń dì sáàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Èkejì, tau, ń lọ́ pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ọpọlọ á sì máa sún kì. Èyí lè ti máa lọ lábẹ́lẹ̀ fún nǹkan bí ogún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó rí àmì kankan.

Ibi tí ọpọlọ ti ń tọ́jú ohun tuntun ló sábà máa ń kọ́kọ́ kọlù. Ìdí nìyẹn tí Màmá kò fi rántí pé àwọn ti jẹun àárọ̀, àmọ́ tí wọ́n lè sọ ẹni tó gbé wọn níyàwó, aṣọ tí wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ náà àti orin táwọn obìnrin ilé kọ. Kì í ṣe pé wọ́n ń ṣàṣàyàn ohun tí wọ́n máa rántí.

Dókítà ará Jámánì kan, Alois Alzheimer, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀. Ní 1901 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàyẹ̀wò obìnrin kan tó ń jẹ́ Auguste Deter nílùú Frankfurt. Ẹni ọdún 51 péré ni obìnrin náà, kò sì lè kọ orúkọ ara rẹ̀ tán. Nígbà tó kú ní 1906, dókítà náà yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, ó sì rí ohun tó dì àti ohun tó lọ́ pọ̀ yẹn. Ní 1910 ni dókítà Jámánì mìíràn, Emil Kraepelin, fi orúkọ Alzheimer pe àìsàn náà nínú ìwé.

Ṣé kì í ṣe àìsàn òyìnbó?

Rárá o. Àwọn tó ní àrùn tó ń ba ìrántí àti làákàyè jẹ́ lágbàáyé lé ní mílíọ̀nù 55, Alzheimer ló sì wà nídìí nǹkan bí ìdá 60 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà ní orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀.

Wọ́n tilẹ̀ ti wá a láàárín àwa Yorùbá fúnra wa. Ní 1992 ni àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Ìdíkàn, nílùú Ìbàdàn, tí wọ́n sì ń fi àwọn àgbà tí wọ́n bá níbẹ̀ wé àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń gbé Indianapolis. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2001 fi hàn pé nínú ẹgbẹ̀rún kan àgbàlagbà tó ti pé ọdún 65, àwọn bíi 11 tàbí 12 ló ń bẹ̀rẹ̀ àrùn Alzheimer lọ́dún ní Ìdíkàn, nígbà tó jẹ́ bíi 25 ní Indianapolis. Tiwa kéré sí tiwọn. Inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n kíkéré kì í ṣe àìsí. Àwọn àgbà wa sì ti ń pẹ́ láyé ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ọjọ́ orí ló sì ń fà á jù.

Àwọn kan nínú ẹbí ní Ìyá ń jẹ́wọ́ àjẹ́. Ó ń bá ẹni tí a kò rí sọ̀rọ̀, ó sì ní òun ló pa ọmọ òun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níbí kẹ́ ẹ ka èyí dáadáa, torí mo ti rí ohun tí wọ́n ṣe fún irú ìyá bẹ́ẹ̀.

Ọpọlọ tó ń ṣàìsàn lè mú kí èèyàn rí ohun tí kò sí níbẹ̀, kó gbọ́ ohùn, kó da àlá pọ̀ mọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú ní kékeré ti lè máa bi ara rẹ̀ fún ogójì ọdún pé, “Ṣé ká ní mo tètè gbé e lọ sọ́sibítù ni?” Nígbà tí làákàyè tó ń bò ó mọ́ra bá lọ, ohun tó kù lẹ́nu ni “Èmi ni mo pa á.” Ọgbẹ́ ọkàn ìyá lẹ gbọ́ yẹn. Bẹ́ ẹ bá sì jókòó tì í tẹ́ ẹ ń bi í ní ìbéèrè lórí ìbéèrè, “Ta lẹ tún pa? Ta lẹ jọ ń ṣe é?”, yóò máa sọ pé bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo rẹ̀, torí kò mọ ohun tí ẹ ń bi í mọ́, ó kàn fẹ́ kẹ́ ẹ fi òun sílẹ̀ ni.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nà án. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀ nílé àdúrà tàbí nílé aláwo, kí wọ́n fi oúnjẹ dù ú pé kó fi gbààwẹ̀, tàbí kí wọ́n lọ fín gbẹ́rẹ́ sí i lórí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣàdúrà, kó wá sílé, kó jókòó tì í, kó ṣe é ní jẹ́jẹ́. Tí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ dìjà nínú ẹbí, ẹ wá àlùfáà tàbí pásítọ̀ tó lóye, kẹ́ ẹ jọ lọ bá dókítà, kí dókítà ṣàlàyé lójú gbogbo yín. Mo ti rí i tí àlàyé wákàtí kan péré tú irú ìjà bẹ́ẹ̀ ká.

Ibo ni ká gbé wọn lọ? Kí ni wọ́n máa ṣe?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà ní ọsibítù jẹ́nẹ́rà tó sún mọ́ yín, ì báà jẹ́ ní Ọ̀fà, Òmù-Àrán tàbí Ìlọrin. Ẹ ní kó kọ̀wé fún yín lọ sí ọsibítù ìkọ́ni Yunifásítì Ìlọrin tó wà lọ́nà Jẹ́bà àtijọ́, níbi tí àwọn dókítà ọpọlọ àti iṣan àti àwọn tó ń wo àìlera ọkàn wà. Ẹni tó ń gbé pẹ̀lú wọn ni kó tẹ̀ lé wọn, kì í ṣe ẹni tó ti Èkó dé lánàá. Ẹ kọ ohun tí ẹ ń rí àti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sínú ìwé, ẹ sì kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò sínú ọ̀rá kan dání, àgbo náà pẹ̀lú.

Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n máa ṣe ládùúgbò wa tó máa sọ pé “òun nìyí”. Dókítà máa gbọ́ ìtàn, á bi wọ́n ní ìbéèrè ìrántí, á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ó sì lè ní kí wọ́n ya àwòrán orí. Àyẹ̀wò yìí ṣe pàtàkì torí pé àwọn nǹkan mìíràn wà tó ń fara jọ Alzheimer, tó sì ṣeé wò: ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lẹ́yìn ikú ọkọ tàbí aya, àìtó fítámì B12, àìsàn táírọ́ìdì, rẹ́kórẹ́kó (syphilis) àti HIV tó ti wọ ọpọlọ, ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú agbárí lẹ́yìn tí wọ́n ṣubú. Oògùn pẹ̀lú wà níbẹ̀. Piriton tí a ń rà ní kẹ́mísì fún ara yíyún, àti oògùn oorun bíi Valium, lè da orí àgbàlagbà rú pátápátá.

Ṣé oògùn wà tó ń wò ó sàn?

Kò tíì sí. Ẹni tó bá ní òun ní àgbo tàbí kápúsù tó ń wò ó tán, owó yín ló fẹ́ gbà. Àwọn oògùn bíi donepezil, rivastigmine, galantamine àti memantine wà tó lè mú kí orí ṣe geerege fún àwọn kan fún sáà kan, ṣùgbọ́n wọn kì í dá àìsàn náà dúró. Dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́, torí donepezil, fún àpẹẹrẹ, lè mú kí ọkàn máa lù díẹ̀díẹ̀ jù. Àwọn abẹ́rẹ́ tuntun bíi lecanemab, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2023, ń dín ìyára àìsàn náà kù díẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wọ́n gan-an, wọ́n sì ń fẹ́ yíya àwòrán ọpọlọ léraléra torí pé wọ́n lè mú kí ọpọlọ wú tàbí kó ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ má ta ilẹ̀ nítorí rẹ̀.

Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, Màmá á di ẹrù wọn, wọ́n á ní àwọn ń lọ sílé. Inú ilé wọn sì la wà!

Ìrọ̀lẹ́ máa ń nira fún ọ̀pọ̀ wọn. Ó ti rẹ̀ wọ́n, ilẹ̀ ń ṣú, òjìji ń gùn lára ògiri. Tí NEPA bá sì tún mú iná lọ, ìpayà á pọ̀ sí i. “Ilé” tí wọ́n ń wí lè má jẹ́ ilé bíríkì kankan. Ibi tí ọkàn wọn ti balẹ̀ rí ni wọ́n ń wá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń ṣe nìyí:

“Màmá, ilé yín ló wà níbí o.”
“Irọ́ ni. Ìyá mi ń retí mi ní Àjàṣẹ́.”
“Ìyá yín ti kú tipẹ́!”

Ẹkún ló máa tẹ̀ lé e, ẹkún ọ̀fọ̀ tuntun, torí létí wọn, òní ni ìyá wọn kú. Tó bá di ọ̀la, tẹ́ ẹ tún sọ ọ́, wọ́n á tún sunkún. Kò sí èrè níbẹ̀. Ẹ wo bí ọmọ kan tí mo mọ̀ ṣe ń ṣe é:

“Ẹ ń lọ sí Àjàṣẹ́, Màmá? Kí ni Ìyá máa sè sílẹ̀ dè yín?”
“Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ni. Ó máa ń fi wàrà sí i.”
“Ẹ̀ẹ́! Wàrà! Ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń lọ rà á lọ́wọ́ àwọn Fúlàní?”

Wọ́n á máa sọ ọ́ bọ̀, wọ́n á jókòó, àpò tí wọ́n gbé dání á bọ́ sílẹ̀. Àwọn kan ń bi mí pé ṣé irọ́ kọ́ nìyẹn. Mi ò rí irọ́ kankan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ló ń wù ú sọ, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́. Ẹ tan iná kí ilẹ̀ tó ṣú, iná sólà tàbí tọ́ọ̀ṣì ńlá, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n tí ìbọn ń ró nínú rẹ̀, ẹ dín oorun ọ̀sán kù, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n rìn díẹ̀ lówùúrọ̀.

Wọ́n ní mo jí owó àwọn.

Ó dùn, mo mọ̀, pàápàá fún ìyàwó ilé tó ń fọ ìgbẹ́ wọn. Wọ́n fi owó pamọ́, wọ́n gbàgbé pé àwọn fi pamọ́, ọpọlọ wọn wá wá ẹni tó sún mọ́ jù. Ẹ má bú wọn, ẹ má sì máa búra. Ẹ ní, “Ẹ jẹ́ ká jọ wá a.” Ẹ mọ ibi tí wọ́n máa ń fi nǹkan sí: abẹ́ tìmùtìmù, inú àpò ìrẹsì, inú bàtà. Ẹ fún wọn ní owó kéékèèké tí wọ́n á máa kà lọ́wọ́. Kí ẹbí tó kù sì dákẹ́ gbígba ẹjọ́ náà rò.

Bàbá ń kírun ọ̀sán lẹ́ẹ̀mẹ́rin, wọ́n sì ń gbàgbé rákà. Ààwẹ̀ náà ńkọ́?

Hádíìsì tí ọ̀pọ̀ wa kọ́ nílé kéú sọ pé a ti gbé kálàmù kúrò lórí ẹni mẹ́ta: ẹni tó sùn títí á fi jí, ọmọdé títí á fi bàlágà, àti ẹni tí làákàyè rẹ̀ lọ títí á fi padà. Ẹ bá áfáà yín sọ ọ́ láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ Bàbá bọ́ sí, torí ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn yàtọ̀ sí òpin rẹ̀. Níti ìlera, ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, tí kò sì lè sọ pé òòyì ń kọ́ òun, ààwẹ̀ léwu fún un púpọ̀.

Ẹ má gba tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ wọn o. Ẹni tí kò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́ ṣì lè ka Fátíhà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìṣìnà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìyá ìjọ lápá Ìgbàjà àti Òmù-Àrán pẹ̀lú orin ìjọ wọn. Ìyá amọ̀kòkò kan wà ní Òkèlélé tí kò mọ ọjọ́ mọ́, kì í dáhùn ìkíni mọ́. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ gbé amọ̀ rírẹ sí i níwájú. Ó kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó tọ́ omi díẹ̀ sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ètí ìkòkò yí po, tinrin, láìwo ọwọ́ ara rẹ̀. Ohun tí ọwọ́ àti ẹnu ti mọ̀ láti kékeré máa ń pẹ́ kó tó lọ. Ẹ wá tiwọn.

Wọn kò fẹ́ wẹ̀.

Ó lè jẹ́ pé òtútù ń mú wọn, tàbí ojú ń tì wọ́n pé ọmọ ọkùnrin rí ìhòòhò ìyá rẹ̀. Ẹ wá obìnrin fún ìyá, ọkùnrin fún bàbá. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, àga tí kì í yọ̀, aṣọ ìdírò tí wọ́n ró títí wọ́n fi wẹ̀ tán. Tí wọ́n bá kọ̀ lónìí, ẹ fi aṣọ tútù nù wọ́n, ó di ọ̀la. Ní ti ìtọ̀, ẹ mú wọn lọ ilé ìgbẹ́ ní wákàtí méjì-méjì kẹ́ ẹ tó máa ra Pampers àgbà, torí owó rẹ̀ ń wọni lára.

Wọ́n máa ń jáde lọ láìsọ.

Ẹ fi bọ́ọ̀tì sí òkè tàbí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn níbi tí ojú wọn kì í lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má ti wọn mọ́lé ní àwọn nìkan, nítorí iná. Ẹ rán nọ́ńbà fóònù mọ́ etí ìró tàbí inú agbádá wọn. Ẹ sọ fún àwọn ọlọ́kadà ní ìkóríta yín, ìyá alákàrà àti ládánì mọ́ṣáláṣí. Ẹ má fi ṣe àṣírí, torí àwọn yìí ló máa kọ́kọ́ rí wọn. Tí ẹ bá wá wọn tì, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì: ẹ jẹ́ kí wọ́n kéde lórí ẹ̀rọ mọ́ṣáláṣí, ẹ lọ sí tẹ́ṣàn ọlọ́pàá, ẹ sì wá ilé tí wọ́n gbé rí àti ọjà tí wọ́n ti tajà rí.

Gbogbo ẹbí ń bọ̀ fún Iléyá. Kí la máa sọ fún wọn?

Ẹ sọ fún wọn kí ẹnikẹ́ni má bi Ìyá pé “Ṣé ẹ mọ̀ mí?” Ọmọ mẹ́wàá á tò, ọ̀kọ̀ọ̀kan á bi í bẹ́ẹ̀, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, ojú á sì máa ti Ìyá. Kí olúkúlùkù kúnlẹ̀ níbi tí Ìyá ti lè rí ojú rẹ̀, kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀: “Ẹ kú ọdún, Ìyá. Èmi Ràmọ́tà ọmọ yín ni, mo ti Èkó dé.” Kó kì í ní oríkì rẹ̀. Mo ti rí ojú tó kú tẹ́lẹ̀ tó là nígbà tí wọ́n pe “Àjọkẹ́!” Kí wọ́n wọlé ní méjì-méjì, kí ariwo má pọ̀.

Owó, ilẹ̀ àti ìwé ilé ńkọ́?

Ẹ tètè ṣe é, nígbà tí wọ́n ṣì lè sọ ohun tí wọ́n fẹ́. Ẹ pe gbogbo ọmọ jọ, kí lọ́yà wà níbẹ̀, kí wọ́n kọ ẹni tó máa gba owó ìfẹ̀yìntì àti bí wọ́n ṣe máa ná an. Ìtẹ̀ka tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ohun tó ń fọwọ́ sí, ìjà kóòtù ló máa ń dà lẹ́yìnwá.

Èmi nìkan ni mò ń tọ́jú wọn. Ó ti rẹ̀ mí, nígbà mìíràn mo máa ń jágbe mọ́ wọn.

Ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ, tàbí ìyàwó tó wà nílé, ni wọ́n sábà máa ń gbé e lé lórí. Àwọn tó wà ní Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù á fi owó ránṣẹ́, wọ́n á sì tún máa pàṣẹ. Òótọ́ ni pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní ń mu, àmọ́ ọmọ kan ṣoṣo kọ́ ni òkété bí. Ẹ béèrè ohun tó ṣe pàtó: “Bùrọ̀dá, ẹ wá gba Jímọ̀ àti Sátidé lẹ́ẹ̀kan lóṣù,” tàbí “Ẹ máa san owó ẹni tó máa wá sùn tì wọ́n lóru méjì lọ́sẹ̀.” “Ẹ ràn mí lọ́wọ́” nìkan, kò sẹ́ni tó máa dìde.

Àìsàn yìí lè gba ọdún mẹ́rin sí mẹ́jọ lẹ́yìn tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, ó sì lè tó ogún ọdún fún àwọn kan. Kò sẹ́ni tó lè fi àìsùn sá eré yẹn. Tí inú bá ń ru yín, ẹ rí i pé ibi tí wọ́n jókòó sí kò léwu, kẹ́ ẹ bọ́ síta títí èémí yín á fi balẹ̀. Tí ẹ bá ń sunkún lójoojúmọ́ tàbí tí oúnjẹ kò wù yín mọ́, ẹ̀yin náà ti di aláìsàn, ẹ rí dókítà.

Ṣé èmi náà á ní i?

Tí òbí bá ní i, ewu ọmọ á pọ̀ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n irú èyí tó ń ti inú ẹ̀jẹ̀ wá tààrà kò pé ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn onímọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet kó jọ ní 2024 ka ohun mẹ́rìnlá tó ń dá kún àwọn àrùn tó ń ba làákàyè jẹ́, wọ́n sì ní tí wọ́n bá ṣàtúnṣe gbogbo rẹ̀, nǹkan bí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n lè dènà tàbí sún síwájú. Láàárín wa, ẹ̀jẹ̀ ríru ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú, lẹ́yìn náà àtọ̀gbẹ. Ẹ yẹ etí àti ojú wò, torí ẹni tí kò gbọ́ràn, tí kò ríran, ń yọ kúrò láwùjọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ dé àṣíborí lórí ọ̀kadà. Ẹ jáwọ́ nínú sìgá. Ẹ máa rìn. Ẹ má fi ẹgbẹ́ àti ojúde ìkíni sílẹ̀ torí pé ẹ ti fẹ̀yìn tì.

Ìgbà wo la gbọ́dọ̀ sáré gbé wọn lọ sọ́sibítù?

Alzheimer kì í yí èèyàn padà láàárín ọjọ́ kan. Tí Bàbá bá sùn dáadáa lánàá, tí wọ́n jí lónìí tí wọn kò mọ ibi tí wọ́n wà rárá, tí wọ́n ń sùn ṣáá, tàbí tí wọ́n ń jà lódìkejì ìwà wọn, nǹkan mìíràn ló ti wọ̀ ọ́: ibà, àrùn ilé ìtọ̀, àìmumi tó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbẹ́ tó dì, tàbí oògùn tuntun. Ẹ gbé wọn lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ẹnu bá wọ́, tí ọwọ́ kan kò gbé, tí wọ́n ṣubú fi orí gbálẹ̀, tàbí tí oúnjẹ ń há wọn lọ́fun tí wọ́n sì ń wúkọ́ pẹ̀lú ibà. Kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹ má rọ ògì tàbí oògùn sí ẹni tó dùbúlẹ̀ lẹ́nu, ẹ gbé wọn jókòó, ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì ní ẹnu ọ̀nà pé, “Wọn kò rí báyìí lánàá.”